Bí À Ń Jà, Bí i Ká Kú Kọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Bọ́ọ̀lù Arsenal àti Chelsea Nínú Ẹgbẹ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjẹ ọdún kẹwàá, ní Màsífà)

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ọdún kẹwàá ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n sọ ohun tí ẹgbẹ́ ti ṣe láti ọdún kìíní. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí akọ̀wé sọ ìyẹn, òun ló ni ìwé. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù tí a gbá lánàá ní pápá ilé ẹ̀kọ́, Arsenal sí Chelsea. Àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi títí dé òpin, torí pé bọ́ọ̀lù yìí kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ wa ká ní ọdún kẹrin.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi wá léèrè: ta ló gbé Arsenal àti Chelsea wọ Màsífà? Àwọn bàbá wa kò mọ̀ wọ́n. Nígbà tiwọn, Shooting Stars ti Ìbàdàn ni ìròyìn. Ní 1976, nígbà tí Shooting Stars gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà fún àwọn tó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn, àwọn ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife Áfíríkà kankan. Ẹni tí kò ní rédíò lọ jókòó síwájú ilé ẹni tó ní. Àwọn ará wa tó wà ní Abidjan ní tiwọn pín sí méjì: àwọn kan ń tẹ̀lé ASEC, aláwọ̀ ìyeyè àti dúdú, àwọn kan ń tẹ̀lé Africa Sports, aláwọ̀ ewé àti pupa. Bí ẹ bá rí ìyá Èjìgbò kan lọ́jà Adjamé nígbà náà tó ń ka iye owó ní Faransé, tó ń kí oníbàárà ní Yorùbá, ẹ má yà á lẹ́nu pé ó mọ ìgbà tí ASEC àti Africa Sports máa pàdé. Ọjọ́ náà, ọjà kì í tà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Babayaro dé Chelsea ní 1997. Kanu dé Arsenal ní 1999, ọdún yẹn náà ló sì lọ sí ilé Chelsea, tí wọ́n ti fi góòlù méjì ṣíwájú, tó gbá mẹ́ta wọlé kí rẹfirí tó fọn fèrè ìparí. Ọmọ Nàìjíríà ló gbá a, ọmọ Nàìjíríà sì ló wà nínú àwọn tí wọ́n gbá a fún. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Abidjan, Kolo Touré tó ti ASEC wá dé Arsenal ní 2002, Drogba dé Chelsea ní 2004. Bí ọ̀rọ̀ ṣe pín ilé wa nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ń ṣe Arsenal, àbúrò ń ṣe Chelsea. Ẹ wá wò ó, a fi orúkọ àwọn ọmọ wa wọ inú ìjà àwọn tí kò mọ̀ wá rí.

Kò burú. Ẹ̀fẹ̀ dára. Àwa náà ló dá a sílẹ̀ ní ọdún kejì ẹgbẹ́ pé, bí àwọn ará Abidjan bá ti wálé lópin ọdún, kí àwọn Arsenal inú ẹgbẹ́ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn Chelsea inú ẹgbẹ́. Ẹni tó bá pàdánù ni yóò ra ewúrẹ́. Ọdún kejì, a rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹta, a rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin, tẹ́tẹ́ ti wọ̀ ọ́. Àwọn kan ta owó náírà, àwọn kan ta séfà. Rẹfirí jẹ́ ọ̀kan nínú wa, gbogbo ènìyàn sì mọ aṣọ tó wà lábẹ́ dúdú tó wọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tán. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Chelsea, gba bọ́ọ̀lù ó ń sá bọ̀ sí ilé wa. Ọmọ Arsenal kan ju ara rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. A gbọ́ ìró egungun náà láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Kí a tó gbé ẹni tó ṣubú, a ti ń jà lórí pé ṣé pẹ́náritì ni àbí kì í ṣe pẹ́náritì. Ẹlẹgbẹ́ wa wà nílẹ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀, àwa ń fa rẹfirí láṣọ.

Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, alága wa ní kí á dá owó ìtọ́jú jọ. Èmi ni mo dìde. Mo ní, “Kí Chelsea tọ́jú ẹni wọn. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó Chelsea.” Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo gbádùn àtẹ́wọ́ náà. Ìpàdé tú ká láìṣe àdúrà ìparí. Àwọn ọmọ Chelsea dá owó tiwọn, kò tó. Ọmọkùnrin náà ta ọ̀kadà rẹ̀ láti fi sanwó fún bàbá tó ń to egungun. Ọ̀kadà yẹn ló fi ń bọ́ ilé.

Láti ọjọ́ náà, a ò kí ara wa. Ọdún mẹ́ta gbáko. Bí mo bá rí i níwájú, màá yà sí ọ̀nà míràn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ papò dà, ìyá tó ti bù gààrí fún mi nínú àwo kan náà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí a wà ní pámárì, n kò lọ síbi ìsìnkú. Mo wà nínú ilé, mo ń gbọ́ ìlù. Ìyẹn ni mo wá jẹ́wọ́ lójú gbogbo yín lónìí.

Kí ló yí mi padà? Ìtàn tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan sọ fún mi ni. Ó ní ní 1993, ASEC lọ sí Kumasi lọ bá Asante Kotoko gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n pàdánù. Ìròyìn dé Abidjan pé wọ́n lu àwọn tó tẹ̀lé ASEC lọ. Ni àwọn kan bá dìde sí àwọn ará Gánà tó ń gbé láàárín wọn. Wọ́n ba ọjà jẹ́, wọ́n sun ilé, ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ará Gánà sì sá padà sí ìlú wọn. Àwọn ènìyàn yẹn kò gbá bọ́ọ̀lù kankan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí, ó ní, “Àlejò ni àwa náà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ Nàìjíríà ló na ASEC ńkọ́?” N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ rántí Accra náà, ọjọ́ 9 oṣù kárùn-ún 2001. Hearts of Oak na Kotoko 2 sí 1, góòlù méjèèjì wọlé nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Àwọn tó ń ṣe Kotoko bínú, wọ́n ń fa àga ya, wọ́n ń jù ú. Ọlọ́pàá yin tajútajú, èrò sáré sí ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà wà ní títì. Àwọn tó kú lé ní 120. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló pa wọ́n. Ìbínú ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn, àìfarabalẹ̀ àwọn tó yẹ kó ṣọ́ wọn ló sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ṣé kí á wá pa bọ́ọ̀lù rẹ́ ni? Àwọn kan dá a lábàá ní ọdún kẹrin. Èmi kò gbà. Ẹ wo Èjìgbò níbí, níbi ọdún Òrìṣà Ògìyán. Àwọn ará Òkè Màpó àti àwọn ará Ìsàlẹ̀ Òṣólò á kó àtòrì, wọ́n á na ara wọn. A gbọ́ láti ẹnu àwọn àgbà pé ọ̀rẹ́ ọba, babaláwo kan, ló ti ìrìn àjò dé tó fi orúkọ àdàpè bèèrè ọba. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rò pé àfojúdi ni, wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òjò kò rọ̀. Nígbà tí wọ́n rí ìdí rẹ̀, tí wọ́n tú u sílẹ̀, tí wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó ní kí àwọn ará ìlú máa fi àtòrì na ara wọn lọ́dọọdún. Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀: ìrántí ìyà tí a fi jẹ ọ̀rẹ́ ni nínà yẹn. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ó sì ní ìgbà tó ń parí. Bó bá ti parí, àna ń padà di àna. Àwọn bàbá wa kò sọ pé kí á má figagbága. Wọ́n fi ààlà sí i ni.

Ààlà ni àwa kò ní. Nítorí náà, ní ọdún keje, mo mú alága àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ méjì, mo lọ bá ẹlẹgbẹ́ mi nílé. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò dá mi lóhùn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹsẹ̀ ti san. Ti ìyá mi ni kò tíì san.” Mo ní mo mọ̀. Ọjọ́ kejì, a jọ lọ sí ibojì ìyá náà. N kò ní sọ ohun tí mo sọ níbẹ̀.

Òfin tí a fi lélẹ̀ lẹ́yìn náà kò ju márùn-ún lọ. Àkọ́kọ́, kò sí tẹ́tẹ́. Èkejì, kí wọ́n tó fọn fèrè, owó ìtọ́jú gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ akápò, fún ẹnikẹ́ni tó bá farapa, aṣọ yòówù kó wọ̀. Ẹ̀kẹta, bí ẹnìkan bá ṣubú tí kò lè dìde, eré dúró, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bá rẹfirí sọ̀rọ̀ kí a tó gbé e. Ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn ìsinmi, ọmọ Arsenal mẹ́ta á wọ aṣọ Chelsea, ọmọ Chelsea mẹ́ta á wọ ti Arsenal, ìbò la ó fi mú wọn. Ẹ̀karùn-ún, ẹgbẹ́ ló ń ra ewúrẹ́, gbogbo wa la jọ ń jẹ ẹ́.

Mo mọ̀ pé òfin kò lè ṣe gbogbo nǹkan. Ní oṣù kẹwàá 2005, nígbà tí Côte d’Ivoire na Sudan tí wọ́n fi rí ọ̀nà lọ sí Ife Àgbáyé, Drogba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà, wọ́n bẹ àwọn tó ń jagun nílẹ̀ wọn pé kí wọ́n gbé ohun ìjà sílẹ̀. Ní 2007, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní Bouaké, ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Síbẹ̀, ìjà tún bẹ́ lẹ́yìn ìbò 2010. Ìkúnlẹ̀ ọjọ́ kan kò tó. Ọdọọdún ni a gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe.

Lánàá, ẹ rí ẹni tó wọ dúdú. Ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ni rẹfirí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fún òun ní fèrè. Ó fọn pẹ́náritì fún Arsenal, lòdì sí Chelsea tirẹ̀. Èmi ni mo gbá a, mo gbá a sókè ọ̀run, ẹ ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Eré parí ní ọ̀mì, 1 sí 1. Bó ti fọn fèrè ìparí, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, “Màmá ì bá rẹ́rìn-ín.”

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àbúrò, nítorí tiyín ni mo ṣe sọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ dé ọdún kẹwàá, ẹ máa jà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìjà yóò parí sí. Arsenal kò ní wá sìnkú òbí ẹnikẹ́ni ní Màsífà. Chelsea kò ní wá ṣe ìkómọ. Ẹgbẹ́ ló ń ṣe é.

Kí Ọlọ́run dá ẹgbẹ́ wa sí. Kí àwọn tó wà ní àjò padà wálé láyọ̀. Kí á tún rí ara wa ní ọdún ogún, ká sì pé. Àṣẹ.