Kí Ni Ìwé Ajínigbé Lè Sọ fún Wa?

Bí ajínigbé bá kọ̀wé, ǹjẹ́ ìwé náà lè tú u fó?

Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1996, ní Boulder, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n bá ìwé tó ń béèrè $118,000 nílé JonBenét Ramsey, ọmọ ọdún 6. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n rí òkú ọmọ náà nínú ilé kan náà. Inú ilé ni bébà ìwé ọ̀hún ti wá.

Àwọn onímọ̀ ìkọ̀wé máa ń wo bí lẹ́tà ṣe tẹ̀, àlàfo àárín ọ̀rọ̀, àti àṣìkọ. Ẹni tó kọ ìwé ilé Ramsey ṣi ọ̀rọ̀ tó rọrùn kọ, ó sì kọ èyí tó le dáadáa. Àwọn kan ní ó ń díbọ́n ni. Títí di òní, wọn ò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Nínú ọ̀ràn ọmọ Lindbergh tí wọ́n jí gbé lọ́dún 1932, àṣìkọ inú ìwé fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ jọ ẹni tó ń sọ èdè Jámánì. Owó ìràpadà tí Bruno Hauptmann, ọmọ Jámánì, ń ná ni wọ́n fi mú un. Ìkọ̀wé rẹ̀ kún ẹ̀rí.

Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti 2011 náà gba èrò onímọ̀ ìkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìkọ̀wé nìkan lè máà tó ẹ̀rí.

Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín l'Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ pa á káàkiri, ẹ má ya á. Ẹ tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ní Ẹlẹ́wẹ̀ẹ́rán.