Ìpínlẹ̀ Tó Tọ́ Wa Dàgbà: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Níbi Àyájọ́ Ọdún Ẹgbẹ́ Wa

  Wọ́n ní kí akọ̀wé sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde. A sì mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà a ò ní jẹ́ kó gùn jù.

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ la fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọpẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó wà lórí oyè, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹgbẹ́ wa kì í ṣe òṣèlú. Ìpínlẹ̀ tó tọ́ wa dàgbà la fẹ́ dúpẹ́ fún, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, nígbà tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ sí mẹ́ta: Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́. Èkìtì ṣì wà lára wa nígbà yẹn; ọdún 1996 ni wọ́n tó yà á sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ ò tíì lọ níbì kan o. Orí ìwé ni wọ́n ti fa ààlà yẹn, wọn ò fà á gba àárín ìsọ̀ wa kọjá. Iṣu yín la ṣì ń gún.

Ẹ wo ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wa. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún, púpọ̀ nínú wa ló lè ka pásíbúùkù ara rẹ̀, tó lè ṣírò èlé orí owó tó yá, tó sì lè buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí onídùúró lẹ́yìn tó ti ka ohun tó wà níbẹ̀. Ti àwọn ìyá wa kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́n jù wá lọ nínú òwò, ká má purọ́. Ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ láti Ìgbókòdá lè kó gbèsè ogún oníbàárà sórí, kò sì ní ṣi ẹyọ kan. Èédú ni àwọn mìíràn fi ń fa ilà sára ògiri, ilà kan fún kóńgò kan. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìwé, ìka ni wọ́n ń tẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn bá kà fún wọn ni wọ́n ń tẹ̀ka sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìka títẹ̀ ti gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá mìíràn, tí ilẹ̀ lọ, tí ilé lọ, kò yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìdí ọpẹ́ yìí fún yín.

Ibo la ti rí ìwé kà? Ọjọ́ ti pẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, tí Olóyè Awókọ́yà sì jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yẹn nìkan, àwọn ọmọ tó wọlé lé ní 800,000. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa nìyẹn, àwọn tó kọ́kọ́ ka Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ sí wa létí nílé ká tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé rárá. Ṣùgbọ́n alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ọ̀fẹ́ mọ. Ibi tí ọmọbìnrin ti ń dúró nìyẹn. Owó girama kò kéré, tí agbára bàbá ò bá sì ju ti ẹnìkan lọ, ọmọkùnrin ni yóò rán. Ọmọbìnrin á lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, tàbí kó gbé igbá tẹ̀lé ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1979 ni nǹkan yí padà fún àwa. Olóyè Adékúnlé Ajásin di gómìnà, ìwé girama sì di ọ̀fẹ́. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, tíṣà ni kó tó ṣòṣèlú, òun náà ló dá Ọ̀wọ̀ Hai Skúùlù sílẹ̀. Àwọn ìlú kéékèèké tí kò ní girama rí bẹ̀rẹ̀ sí í ní in. Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe rí o, nítorí àwọn ọmọ wa rò pé a jókòó lórí àga tìmùtìmù. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn kíláàsì mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá wa gé búlọ́ọ̀kù, àwọn ìyá wa pọnmi sí i. Ọjọ́ Jímọ̀ a gbé àdá àti ọkọ́ lọ sí iléèwé, a sì ṣán oko yí kíláàsì tí kò ní fèrèsé ká. Ọmọ Ìlàjẹ ń sọ tirẹ̀, ọmọ Àkókó ń sọ tirẹ̀, tíṣà Yorùbá ní kí gbogbo wa sọ èyí tó wà nínú ìwé. Títí di òní, ẹ bá wa dé ìpàdé ẹgbẹ́ tí inú bá ń bí ẹnìkan: èdè ìlú rẹ̀ ló ń padà sí.

Tíṣà ò tó. Àwọn ará Gánà ló kọ́ púpọ̀ nínú wa ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n le, ṣùgbọ́n wọn kì í pa iṣẹ́ jẹ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1983 sọ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ máa lọ sílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn bá a lọ. Àpò onílà tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ń tà ní ìsọ̀ wa lónìí tí a ń pè ní Ghana-must-go. A ń tà á, a ń rẹ́rìn-ín sí orúkọ rẹ̀, ẹnìkan ò rántí pé tíṣà wa ló gbé e lọ.

Ọdún 1983 yẹn náà ni wọ́n dìbò gómìnà ní oṣù kẹjọ, tí èsì ìbò dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n sun ilé, wọ́n pa ènìyàn. A ò ní í fi ọpẹ́ bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá Ajásin padà sórí àga, ológun sì gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Lẹ́yìn náà, owó oríṣìíríṣìí padà sí ọrùn òbí, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa tó wà ní fọ́ọ̀mù tíríì nígbà yẹn kò dé fọ́ọ̀mù fáìfù. Wọ́n wà níbí lónìí, wọ́n mọ ara wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló san owó ọ̀fẹ́ yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀? Kò sí ohun tó ń jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹnìkan ló ń san án. Kòkó ni. Àgbẹ̀ Ìdànrè, àgbẹ̀ Ọ̀wọ̀, àgbẹ̀ Òkè-Igbó, wọ́n á fọ́ kòkó, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún mẹ́fà, wọ́n á sá a, wọ́n á gbé e lọ fún òṣùwọ̀n. Iye tí Marketing Board ìjọba ń san fún wọn kò tó iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Owó tó ṣẹ́kù síbẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi kọ́ iléèwé. Títí wọ́n fi pa Bọ́ọ̀dù náà rẹ́ ní 1986 ni àgbẹ̀ kò lè dá iye sọ. Àwọn kan sọ pé ìrẹ́jẹ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn kò ka lẹ́tà A, ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n sì fi ràn lọ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wọ̀nyí kan náà ló wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ohun gidi lẹ́yìn tí òfin rẹ̀ jáde ní 1935. Nínú ilé wọn la wà yìí.

Ìdí nìyẹn tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ibi ayẹyẹ. Ìgbìmọ̀ ti dá a lábàá pé kí ìdá kan nínú ogún èrè ọdún yìí lọ sí àpò ẹ̀kọ́, fún owó ìdánwò WAEC àti NECO. Àwọn kan ní ká fi kún owó ìpín, àwọn kan ní ká fi ra ankárá ọdún tó ń bọ̀. A gbọ́. Ankárá dára, a wọ̀ ọ́ lónìí, ó sì yẹ wá.

Èyí tó le jù ni ti àwọn tó sọ pé ọmọ ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni kí owó náà kàn. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Bí a ti jókòó yìí, àwọn ọmọbìnrin kan wà ní ìsọ̀ tí wọ́n ń bá wa tajà, ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá, tí a gbà láti abúlé lọ́wọ́ òbí wọn, tí a sì ṣèlérí pé wọn á kàwé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2004 ní kí ọmọ ka ọdún mẹ́sàn-án, ó kéré tán. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Tusidé, níbo ni wọ́n wà? A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé kan fara mọ́ ọn pé kí àpò ẹ̀kọ́ náà kan àwọn náà, kí ẹni tó gbà wọ́n sì kọ́kọ́ fi wọ́n sí iléèwé kí a tó fún un ní ẹ̀yáwó tuntun. Tí ẹ bá ní rárá, a ó kọ rárá sínú ìwé ìpàdé bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìdìbò á wà lórí tábìlì akápò láti aago mẹ́ta sí aago márùn-ún. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀, ẹ fa ilà sí ibi tó bá wù yín. Ìyá tí kò bá lè kà á, kó pe ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó bá a wá kó kà á sí i létí tán pátápátá, kó tó tẹ̀ka.  Ẹ sọ fún àwọn alásè kí wọ́n máa gbé ìrẹsì bọ̀.