Kásẹ́ẹ̀tì Wo Ló Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Yín?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, oníṣẹ́ ìròyìn, bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdépọ̀ wa)

  

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi. Tí mo bá sọ ti owó oṣù oníròyìn fún yín lónìí, ẹ ò ní lè jẹ ìrẹsì tí wọ́n ń sè lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó dùn níbẹ̀. Ojú ewé fíìmù ni wọ́n fi èmi sí. Èmi ni mo máa ń wo fíìmù kí ẹ tó wò ó, tí màá sì sọ fún yín bóyá kí ẹ ná owó yín tàbí kí ẹ fi ra ẹ̀pà.

Lọ́jọ́ kan ọ̀gá mi pè mí, ó ní, "Ìwọ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìgbà èwe kì í kúrò lẹ́nu rẹ, lọ kọ nǹkan fún wa nípa àwọn àkójọ fídíò eré ọmọdé àtijọ́ tí wọ́n ń tà fún àwọn àgbà." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Àmọ́ iṣẹ́ náà kò tíì tán títí di òní tí mo dúró níwájú yín yìí, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ti Sesame Street ni mo kọ́kọ́ mú. Ẹ mọ̀ ọ́n: ẹyẹ ńlá aláwọ̀ ìyeyè nì, àti ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé inú garawa ìdọ̀tí. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Amẹ́ríkà. Ìyá kan tó ń jẹ́ Joan Ganz Cooney àti Lloyd Morrisett ló gbìmọ̀ rẹ̀, Jim Henson sì ló ni àwọn ọmọláńgidi inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí ọmọ mẹ̀kúnnù náà mọ lẹ́tà àti nọ́ńbà kó tó dé ilé ìwé, kí ọmọ olówó má ti sá ṣáájú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ilé iṣẹ́ Random House ń ta kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò ìyá mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ wo ayọ̀! A kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí pálọ̀, a ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ. Àwòrán kò dúró, ó ń yí gbirigbiri, funfun àti dúdú lásán. Bàbá mi gbá ẹ̀rọ náà lórí lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbọ́. Àṣé ọ̀nà tí Amẹ́ríkà ń gbà ká àwòrán, tí wọ́n ń pè ní NTSC, yàtọ̀ sí PAL tí àwa ń lò nílẹ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Ohùn nìkan la gbọ́, a sì gbọ́ ọ títí a fi mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Mo ti dàgbà kí n tó mọ irú ojú tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní.

Nígbà tí mo wá rí kásẹ́ẹ̀tì náà wò dáadáa, inú mi bàjẹ́ díẹ̀. Orin àti eré kéékèèké ni wọ́n gé láti ibí, gé láti ọ̀hún, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ó dùn ún wò, àmọ́ ẹran inú ọbẹ̀ nìkan ni, kò sí ọbẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ gbogbo àkójọ tí wọ́n bá gbé fún mi: ṣé odindi ni àbí àgékù?

Odindi wà nínú èyí tí wọ́n pè ní Old School. Apá kìíní jáde ní 2006, ìkejì ní 2007, ìkẹta sì di 2012. Wọ́n kó ètò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ láìgé e, bẹ̀rẹ̀ láti 1969. (Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà á láti òkè òkun fún àwọn ará ilé, ẹ ṣọ́ra. Fún ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe disíkì náà, ẹ̀rọ tiwa lè kọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà ni mo fi wo tèmi. Ìyà kan náà tó jẹ bàbá mi ló tún fẹ́ jẹ mí.)

Nínú ètò àkọ́kọ́ pàá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gordon di ọmọbìnrin kékeré kan, Sally, lọ́wọ́ mú. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò ni, Gordon sì ń mú un kiri, ó ń fi àwọn ará ibẹ̀ hàn án. Ìyàwó Gordon fún un ní mílíìkì àti bisikíìtì. Big Bird ọjọ́ náà kò ní ìyẹ́ tó pọ̀ lórí, ó rí bí adìyẹ tí òjò pa. Oscar inú garawa ìdọ̀tí, àwọ̀ ọsàn ló ní lọ́dún náà, ọdún kejì ló tó di aláwọ̀ ewé. Wákàtí kan gbáko ni, kò sì kánjú rárá. Ẹ ó rí ìgbà tí ẹnì kan kàn jókòó sórí àtẹ̀gùn tí kò sọ nǹkan kan. Fún èmi, ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ìkìlọ̀ tí wọ́n fi síwájú rẹ̀. Wọ́n ní àgbàlagbà ni wọ́n ṣe àkójọ yìí fún, pé ó lè má bá ọmọdé ayé ìsinsìnyí mu. Fídíò tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́rin! Mo bínú sí i. Mo ti kọ gbólóhùn líle mẹ́ta sílẹ̀ kí n tó pe ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, pé kó wá bá mi wò ó. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi kọjú sí mi: "Dádì, ṣé ó mọ bọ̀ọ̀dá tó di òun lọ́wọ́ mú yẹn?" Mo dákẹ́. Mo pa gbólóhùn méjì rẹ́ nínú mẹ́ta.

Wọ́n kò bo gbogbo nǹkan fún ọmọdé nígbà náà ṣá. Bàbá Will Lee, tó ń ṣe Mr. Hooper tó ni ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, kú ní oṣù kejìlá ọdún 1982. Wọn ì bá ti sọ pé bàbá rin ìrìn àjò, tàbí kí wọ́n fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá ọdún 1983, Big Bird ya àwòrán fún gbogbo àgbà àdúgbò, ó ń pín in. Ó kan ti Mr. Hooper, ó ní òun ń lọ gbé e fún un. Àwọn àgbà wojú ara wọn, wọ́n sì sọ fún un pé bàbá ti kú, kò ní padà wá mọ́. Ó béèrè ìdí. Kò sẹ́ni tó rí ìdí sọ.

Ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, kí ló kàn wá nínú eré òyìnbó? Àwa náà ní tiwa. Láti ọdún 1984 ni NTA ti ń fi Tales by Moonlight hàn, tí Victoria Ezeokoli dá sílẹ̀. Ta ló gbàgbé bí a ṣe máa ń sáré padà láti ibi bọ́ọ̀lù nítorí rẹ̀, tí NEPA á sì mú iná lọ gẹ́lẹ́ tí ìtàn bá dé góńgó? Bàbá Jimi Solanke, tó fi wá sílẹ̀ ní 2024, mélòó nínú wa ni kò jókòó síwájú ìtàn rẹ̀ rí? Ní 2011 pàápàá, a ní Sesame Square tiwa, níbi tí Zobi, awakọ̀ takisí tó fẹ́ràn iṣu ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ, ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa.

Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọ́n lówó láyé ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń pa èyí tí wọ́n ti fi hàn rẹ́, kí wọ́n lè ká òmíràn sórí rẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. BBC náà pa ọ̀pọ̀ ètò rẹ̀ rẹ́ láàárín 1960 sí 1980. Doctor Who tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963 wà nínú rẹ̀. Títí di òní wọn ò rí àwòrán ọ̀pọ̀ apá rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn gbogbo rẹ̀ wà, nítorí pé àwọn ọmọdé tó fẹ́ràn rẹ̀ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé bàbá wọn. Àwọn ọmọ kéékèèké ló gba BBC sílẹ̀!

Ọ̀rọ̀ kíká nǹkan nílé yìí ti dé kóòtù gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà rí. Universal àti Disney pe Sony lẹ́jọ́ ní 1976 nítorí ẹ̀rọ Betamax, wọ́n ní olè ni ẹni tó bá ń ká ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ́rìí gbe Sony ni Fred Rogers, bàbá jẹ́jẹ́ tó ń ṣe Mister Rogers' Neighborhood fún àwọn ọmọdé. Ó ní aago tí àwọn iléeṣẹ́ kan ń fi ètò òun hàn kò bá ọ̀pọ̀ ọmọ mu, tí ìdílé bá ká a sílẹ̀ láti wò ó papọ̀ lákòókò tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kò burú lójú òun. Ní oṣù kìíní 1984, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá Sony láre, wọ́n sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ bàbá yìí nínú ìdájọ́ wọn.

Ó yá, mo padà dé ilé ìwé wa.

Ẹ̀yin sẹ́ẹ̀tì wa, ẹ rántí 2001, nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan wá ká eré àlọ́ wa sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn kíláàsì. Àwa la jẹ́ ẹlẹ́gbè. Ẹ rántí ẹni tó ṣe Ìjàpá. Láti ọjọ́ náà la ò ti pe orúkọ rẹ̀ gidi mọ́. Ìjàpá ni, títí ó fi lọ ní 2019. Gbogbo wa la jọ sin ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Màmá ní, "Ìwọ lo wà nídìí ìròyìn. Mo ní fọ́tò rẹ̀ tó kún àpótí, fọ́tò kì í sọ̀rọ̀. Ọmọ tó fi sílẹ̀ kò ní mọ ohùn bàbá rẹ̀. Bá mi wá eré yẹn." Mo lọ síbi iléeṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n yẹ́ mi sí, wọ́n fún mi ní omi tútù. Wọ́n ti ká nǹkan mìíràn lé e lórí tipẹ́.

Nígbà tí ọ̀gá mi gbé iṣẹ́ àkójọ fídíò yìí fún mi, ni mo rántí ìdílé tó ń ká nǹkan nílé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú yín ní bàbá òun ká a. Mo wọ ọkọ̀ lọ bá bàbá. Ó fa àpótí kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kásẹ́ẹ̀tì E-180, wọ́n fi bírò kọ "ÀLỌ́ ILÉ ÌWÉ" sí i lára. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. A fi sí i. Orin bẹ̀rẹ̀, mo rí ara mi, mo tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Ìjàpá wọlé, ó sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ họ imú, ó tún sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú kọkànlá ni àwòrán já, ni a bá rí pápá bọ́ọ̀lù: Nàìjíríà àti Ajẹntínà, Ife Àgbáyé 2002. Bàbá ti ká bọ́ọ̀lù lé e lórí. Bọ́ọ̀lù tí Batistuta fi orí kàn sílé, tí wọ́n sì nà wá 1-0! Bàbá bo ojú. Mo ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sà, ẹ̀yin lẹ ṣì ní nǹkan kan."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ohùn rẹ̀ jẹ́ nínú mọ́kànlá náà. Mo gbé e lọ fún Màmá. Ìgbà tó họ imú ni Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní láti kékeré ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo dá a padà.

Ìyókù eré náà ni mo ń wá. Wọ́n tún fi í hàn lẹ́ẹ̀kejì nígbà ọdún Àjíǹde 2002, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti wò ó. Ẹ bá wa wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orí àjà, ilé àwọn òbí yín lábúlé. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gbọ́, èyí tí wọ́n kọ "ÌSỌMỌLÓRÚKỌ" sí lè jẹ́ òun. Tí ẹ bá rí i, ẹ ṣẹ́ eyín kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè ká nǹkan sí i mọ́. Ẹ nà án ró bí ìwé, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Tí ẹ bá rí funfun bí ìyẹ̀fun lára téèpù inú rẹ̀, èbu ni, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ kankan, ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì fi dọ̀la. Funai, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò gbẹ̀yìn láyé, dáwọ́ dúró ní 2016. Èyí tí mo rà ní àlòkù ti ń sunkún.

Mo gbé e wá. Ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, pẹ̀lú wáyà tí mo fi ń gbé àwòrán sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ ti mú tiyín dání, mo rí yín, ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Mo wà níbẹ̀ títí di aago mẹ́fà, tí wọn ò bá mú iná lọ.