Bí A Ó Ti Múra fún Àgọ́ Inú Erékùṣù Rubondo



Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo bá wá lónìí. Àwọn ọmọ tí ó rọ́wọ́ mú, pàápàá àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, a máa mú òbí wọn lọ wo ẹranko ìgbó ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n lè mú yín lọ ni Rubondo. Ibi tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá múra bí ẹni tí ń lọ sí Ìbàdàn, ojú rẹ̀ á rí nǹkan.

Kí ni Rubondo? Erékùṣù ni, ilẹ̀ tí omi yí ká, nínú adágún ńlá Victoria ní orílẹ̀-èdè Tanzania. Adágún náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á pè é ní òkun. Ní ọdún 1977 ni ìjọba sọ Rubondo di ọgbà ẹranko. Kò sí abúlé níbẹ̀, kò sí ọjà. Àwọn tí ń ṣọ́ igbó, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn àlejò nìkan ni ènìyàn ibẹ̀. Àwọn onílé ni erin, àgùnfọn, erinmi, ọ̀nì àti ìnàkí. Kìnnìún kò sí níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ìtàn àwọn ìnàkí yìí a máa ṣe mí láàánú. Wọ́n kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ní kékeré ni a ti kó wọn nínú igbó Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Áfíríkà, tí a kó wọn lọ sí Yúróòpù kí àwọn ènìyàn máa wò wọ́n nínú àgò. Láàárín ọdún 1966 sí 1969 ni a tú 17 sílẹ̀ ní Rubondo. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ló wà níbẹ̀ lónìí.

Àgọ́ tí ẹ óò sùn sí kì í ṣe kánópì òde ìgbéyàwó o. Yàrá ni, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní ibi ìwẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ líle ni ògiri rẹ̀, síìpù sì ni ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn, nítorí pé kò sí ṣọ́ọ̀bù oògùn níbẹ̀. Ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, bí ẹ óò bá lo ọjọ́ márùn-ún, ẹ mú ti ọjọ́ mẹ́wàá dání. Ìjì a máa jà lórí adágún náà, ọkọ̀ sì lè má gbéra lọ́jọ́ tí a dá. Ẹ má da oògùn náà sínú bébà. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú páálí tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí, kí ẹni tí yóò tọ́jú yín lè kà á. Àpò ọwọ́ ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe inú ẹrù tí ẹ óò fi sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀.

Ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní, "Ibà kẹ̀? Ibà tiwa ni, ó mọ̀ mí." Ó dára. Ọmọ yín tó ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù láti ogún ọdún ńkọ́? Ibà kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ara rẹ̀ ti gbàgbé bí a ti ń bá a jà, ó sì lè pa á kíákíá. Kí ó rí dókítà kí ó tó gbéra, kí ó gba oògùn tí a fi ń dènà ibà. Kí gbogbo yín sì sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọ Tanzania gbọ́dọ̀ fi yẹ́lò káàdì hàn pé òun ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́wàá lára, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún ọjọ́ ayé ẹni. Ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tí kò gún yín lábẹ́rẹ́; káàdì kì í dènà àìsàn. Ẹ̀yin náà ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ ka orúkọ yín lórí rẹ̀ lójú ẹni tó kọ ọ́, kí ó bá ti ìwé ìrìnnà yín mu.

Ọkọ̀ òfuurufú kékeré ló ń lọ sí erékùṣù náà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ́ kí ẹrù ènìyàn kan má ju kílò 15 lọ, nínú àpò rírọ̀. Àpótí líle kò wúlò. Àpò náílọ́ọ̀nù tí a fi ń ra nǹkan lọ́jà ńkọ́, èyí tí àwa kì í fi sílẹ̀? Ìjọba Tanzania ti fòfin dè é láti oṣù Okúdù 2019. Àpò aṣọ ni kí ẹ fi di bàtà.

Ní ti aṣọ, ẹ fi àdìrẹ ẹlẹ́lùú sílé. Eṣinṣin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tsetse, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu, irú rẹ̀ ló sì ń gbé àìsàn oorun kiri. Ó fẹ́ràn àwọ̀ búlúù àti dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé aṣọ aláwọ̀ wọ̀nyí ni a fi ń dẹ pàkúté fún un. Àwọ̀ yanrìn tàbí ti eérú ló dára. Kí aṣọ náà nípọn, kí apá rẹ̀ sì gùn, torí pé ó ń ta ènìyàn látòkè aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ẹ má wẹ̀ nínú adágún. Ọ̀nì wà níbẹ̀, àtọ̀sí ajá sì wà: kòkòrò rẹ̀ ń ti ara ìgbín kéékèèké jáde sínú omi, awọ ara ló ń gbà wọlé.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ti òru. Lọ́sàn-án, inú omi ni erinmi ń gbé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á jáde wá jẹ koríko, ó sì lè jẹ ẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ àgọ́ yín gan-an. Ẹ óò máa gbọ́ bí ó ti ń já a. Ẹ sùn síbẹ̀. Kì í sábà bá àgọ́ tí a ti pa síìpù rẹ̀ dé jà. Ẹni tó bá jáde ló ń bá a pàdé. Ó wúwo ju kílò 1,000 lọ, síbẹ̀ ó ń sáré ju àwa lọ. Bí ènìyàn bá dúró sí àárín òun àti omi, á rò pé a dí ọ̀nà ilé mọ́ òun, á sì kọlù ú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ béèrè bí a ti ń pe ẹ̀ṣọ́ lóru. Níbòmíràn fèrè ni, níbòmíràn tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ̀ṣọ́ kò bá tíì dé, ẹ má ṣí síìpù. Ẹ má sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn tàbí ẹ̀pà pamọ́ sínú àgọ́. Ọ̀bọ á wá a wá, erin náà á gbóòórùn rẹ̀.

Bí ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ bá ń ṣe yín, ẹ má lọ sọ́dọ̀ àwọn ìnàkí lọ́jọ́ náà. Àìsàn wa ń ràn wọ́n, ikọ́ tí kò ṣe wá ní nǹkan kan sì lè pa wọ́n.

Swahili ni èdè ibẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sínú ìwé yín kí ẹ tó lọ. Kiboko ni erinmi. Mamba ni ọ̀nì. Hapana ni rárá. Bí ẹ̀ṣọ́ bá sì pariwo pé "Simama!", ohun tó ń wí ni pé kí ẹ dúró lójú kan náà tí ẹ wà.