Àbákẹ́: Obìnrin Oko tí Ó Yẹ Kí A Máa Dárúkọ Nínú Ìjúbà

  

Nígbà tí a bá ń júbà nínú ìpàdé wa, orúkọ ọba, orúkọ jagunjagun àti orúkọ àwọn babaláwo tí òkìkí wọn kàn ni a sábà máa ń dá. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tí kò joyè, tí kò kọ́ Ifá, tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ roko, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, nítorí mo ní ẹ̀bẹ̀ kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lórí rẹ̀.

Àbákẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Oríkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọmọ tí gbogbo ẹbí yóò jọ máa kẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1857 ni a bí i. Ọmọ ọdún méjì péré ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dáhòmì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lẹ́rú. Bàbá rẹ̀ àti ọmọkùnrin méjì tí ìyá rẹ̀ bí ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ní ọdún 1860, wọ́n kó wọn láti Ouidah sínú ọkọ̀ ojú omi Clotilda, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí iye wọn tó bí 110. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gá ọkọ̀ náà, William Foster, fi dáná sun ún nínú odò lẹ́bàá Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, kí ẹ̀rí má baà sí. Ẹ̀rí kò parun. Ní ọdún 2019 ni àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ti rí àfọ́kù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí. A fẹ́ràn kí á máa dá òyìnbó nìkan lẹ́bi. Òyìnbó jẹ̀bi, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́kọ́ mú ọmọ ọdún méjì yìí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ kì í ṣe òyìnbó. Àwọ̀ wọn jọ tiwa, àwọn náà sì ń bọ àwọn irúnmọlẹ̀ ilẹ̀ wọn. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní òun ń jí ìṣẹ̀ṣe dìde kò gbọdọ̀ gbé èyí pamọ́ sábẹ́ ẹní.

Ní Alabama, ọlọ́rọ̀ olóko ńlá kan tí ń jẹ́ Memorable Creagh ra ìyá náà pẹ̀lú Àbákẹ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan. Wọ́n ta àwọn ẹ̀gbọ́n méjì yòókù fún ẹlòmíràn, ìyá kò sì fojú kàn wọ́n mọ́. Wọ́n sọ ìyá ní Gracie, wọ́n sọ Àbákẹ́ ní Matilda. Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi sá lọ, a sì mú wọn padà. Níbo ni wọn ì bá sá gbà? Òkun ni ó wà láàárín wọn àti ilé.

Òmìnira dé ní ọdún 1865, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò bá a dé. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ti ń dáko, wọ́n ń bá a pín irè, òṣì kò sì tú wọn sílẹ̀. Ìyá náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi kú.

Ohun tí ó mú mi lọ́kàn jù nìyí: títí Àbákẹ́ fi darúgbó, irun rẹ̀ ni ó ń dì bí àwọn obìnrin Yorùbá ṣe ń dì í. Ọmọ ọdún méjì kò lè rántí irun dídì. Ìyá rẹ̀ ni yóò ti kọ́ ọ, bí gbogbo ìyá ṣe ń ṣe é: ọmọ jókòó sáàárín ẹsẹ̀, ìyá fi òòyà yà á, ìka ọwọ́ ń ṣe ohun tí a ti ṣe sí orí tirẹ̀ náà rí. Kò sí ojúbọ níbẹ̀, kò sí ìlù. Àmì ilà sì wà lójú rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ti ka ilà kíkọ sára ọmọ léèwọ̀ ní Nàìjíríà, èmi fúnra mi sì fara mọ́ òfin náà. Síbẹ̀, ilà tirẹ̀ ni ohun ìní kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yí orúkọ olówó rẹ̀, Creagh, padà sí McCrear. Òun àti òyìnbó kan tí a bí ní Jámánì jọ gbé, láìṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì bí ọmọ 14. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó rin ìrìn nǹkan bíi máìlì 15 lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma, ó ní kí wọ́n san owó ìtanràn fún òun nítorí pé wọ́n jí òun gbé. Adájọ́ dá a padà lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ìlú náà fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ sọnù. Ní oṣù kìíní ọdún 1940 ni ó kú. Ní ọdún 2020, onímọ̀ ìtàn Hannah Durkin fi hàn pé òun ni a mọ̀ pé ó kú kẹ́yìn nínú gbogbo àwọn tí a kó lẹ́rú la òkun Àtìláńtíìkì kọjá.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ogúnjọ́ oṣù kẹjọ, nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó ti lọ, kí a dárúkọ Àbákẹ́. Àwọn kan lè ní kò bọ òrìṣà, nítorí náà kò kàn wá. Mo bi wọ́n: ta ni ó gba òrìṣà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí a bá yọ gbogbo ẹni tí a já gbà kúrò nínú ìjúbà, àwọn tí ó jí wọn gbé ni a bá pín ìdájọ́ náà.

Ó ku ti ìyá rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé kò dé ọwọ́ wa, a kò sì ní fi Gracie júbà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, bí obìnrin bá ti bímọ, orúkọ ọmọ ni a fi ń pè é. Bí a bá ti pe ọmọ tán, kí a bu omi tútù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí a wí pé: Ìyá Àbákẹ́.