Ọ̀NÀ ILÉ-ÌWÉ TÍ A PATẸ SÍ
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ nípàdé oṣooṣù

Ìyálọ́jà ló ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tó wà láàárín ọjà wa àti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kọjú sí wa, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ kí àwọn tí kò wá lónìí lè rí i kà. Ọ̀rọ̀ owó àjọ tí ẹ tìtorí ẹ̀ ń wò wá lójú yẹn, ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ọmọ ọdún méje, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn aláta wa, ń bọ̀ láti ilé-ìwé kó wá bá ìyá rẹ̀ jẹun. Kò sáré, kò ṣeré. Ẹ̀gbẹ́ títì ló ń gbà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó dé ibi òkìtì pàǹtí, kò rí ibi gbà mọ́, ló bá sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, ọlọ́kadà tó ń yà fún típà sì gbá a. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kán. A dúpẹ́ pé ọmọ wà láàyè, wọ́n ti tò ó, ẹgbẹ́ náà sì ti ṣe ìwọ̀n tí agbára wa ká. Bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lọ́dọ̀ wa ní ọ́fíìsì. Abẹ́ àtẹ ata la ti rí i.

Lọ́jọ́ yẹn, ọlọ́kadà ni gbogbo wa ń bú. Àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ dáná sun ọ̀kadà rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn alápatà tó dá wọn lẹ́kun. Àwa náà bú u, a ò ní purọ́. Àmọ́ nígbà tí ọjà tú, a padà lọ síbẹ̀, a fi ẹsẹ̀ wọn ẹ̀gbẹ́ títì náà. Láti ẹnu géètì ilé-ìwé dé ìsọ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ 38 ni. Òkìtì pàǹtí gba 11 nínú rẹ̀. Gọ́tà tí kò ní ìdérí gba 4. Ìyókù tó jẹ́ 23, àtẹ tiwa ló gbà á. Ẹ má bínú sí wa, a kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bí a bá lọ bá káńsù báyìí, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn: “Ẹ̀yin ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ti ọmọ sójú títì.” Kí la fẹ́ fi fèsì?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kan, bí ti ọjà. Mọ́tò tó bá ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 14 ló ń lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pariwo “yéè!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: kí ẹ tó pè é tán, mọ́tò ti kọjá ìsọ̀ mẹ́rin, dẹ́rẹ́bà ò sì tíì gbé ẹsẹ̀ sórí búrékì. Ìdí nìyẹn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi ní kí eré má kọjá 30 níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti ń rìn. Àwọn náà ló ní láyé yìí, kò sí ohun tó ń pa ọmọ ọdún 5 sí ẹni ọdún 29 tó ìjàǹbá ọkọ̀. Àwa ti rò pé ibà ni.

Ó wá kan káńsù. A kì í ṣe alágbe níbẹ̀ o. Gbogbo ọjọ́ ọjà la ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin, to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ síbẹ̀: ọjà àti ibùdókọ̀, pàǹtí kíkó, ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná ojú títì. Ní July 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tún dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, kó má gba ọwọ́ gómìnà kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti lọ síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní ọ̀gá ò sí ní ọ́fíìsì. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní títì náà kì í ṣe tiwọn, ti ìpínlẹ̀ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí títì kan wà tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, òmíràn ti ìpínlẹ̀, òmíràn ti káńsù. Ṣùgbọ́n pàǹtí kì í ṣe títì. Ẹni tó ń gbowó ọjà lọ́wọ́ wa kò lè ní òun ò mọ ẹni tó ni pàǹtí ọjà.

Nítorí náà, lẹ́tà mẹ́ta la kọ. Ti káńsù, ó dá lórí pàǹtí àti ìdérí gọ́tà nìkan, kí wọ́n má baà tún rí títì fi yẹ̀ ẹ́. Ti iléeṣẹ́ tó ń rí sí iṣẹ́ òde ní ìpínlẹ̀, a tọrọ bọ́ǹpù àti ibi ìsọdá tí wọ́n kùn ní funfun. Ẹ̀kẹta ń lọ sọ́dọ̀ àwọn Ròódù Séfútì, kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i ní aago méje àárọ̀. Àwọn ọmọkùnrin wa kan ní kí a da símẹ́ńtì sójú títì fúnra wa lóru. Rárá o. Bọ́ǹpù tí kò ní àmì, tí ẹnikẹ́ni ò rí lálẹ́, ọlọ́kadà ni yóò pa, àwa la ó sì lọ rojọ́ ní tẹ́ṣọ̀n.

Ní Abẹ́òkúta wa níbí, ní 1947, àwọn ìyá wa àti Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ jókòó síwájú ààfin nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Àwa ò tíì dé ibẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì la fẹ́ kó lọ. Ẹ kó gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì yín láti January, ẹ fi rọ́bà dì í, a ó tò ó sórí tábìlì káńsù, a ó sì béèrè èyí tó jẹ́ ti pàǹtí nínú rẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti sọnù, kó má yá ti ẹlòmíì o.

Àmọ́ ká tó lọ, ẹsẹ̀ 23 yẹn gbọ́dọ̀ ṣófo. Láti Mọ́ńdè, a ó fi ẹfun fa ilà, kò sí àtẹ tó gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Àwọn méjìlá tó wà níbẹ̀ ní ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ kò ní wọ inú ọjà nítorí ata díẹ̀. Òótọ́ ni. Àwa tí ẹ ń wò yìí ta ata létí títì fún ọdún mọ́kànlá, a mọ̀ ọ́n. Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹnu kò sí ni pé kí àwọn ìlà àkọ́kọ́ yọ̀ǹda ìdajì iwájú ìsọ̀ wọn fún wọn, kí àwọn méjìlá náà má sì san owó ẹgbẹ́ fún oṣù mẹ́ta. A gbọ́ pé ìlà àkọ́kọ́ ń kùn. Ìyálọ́jà náà wà ní ìlà àkọ́kọ́, ó sì ti yọ̀ǹda tiẹ̀. Ìyá ọmọ yẹn ti kó àtẹ rẹ̀ kúrò láti ọjọ́ Ẹtì, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ ìsọdá ló kù. Méjì-méjì la ó máa dúró lẹ́nu géètì, aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀, àti aago kan àbọ̀ sí méjì àbọ̀ ọ̀sán. Ẹ má bá mọ́tò jà, ẹ má na ọwọ́ dá típà dúró. Ẹ kó àwọn ọmọ jọ, ẹ jẹ́ kí títì ṣófo, kí ẹ tó mú wọn kọjá pọ̀. Ìlà ẹlẹ́ja ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà aláṣọ. Ẹni tó bá ní fèrè nílé kó mú un wá ní Mọ́ńdè, aago méje kù díẹ̀.