Bí Obìnrin Bá Sá Dé Kọmísáríà

Ẹni tí ọkọ lù, tó sá dé kọmísáríà ní Kétu tàbí Pọ́bẹ̀, kò yẹ kó gbọ́ pé, "Ẹ lọ parí ẹ̀ nílé." Òfin 2011-26, ti ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2012, ka lílu ìyàwó sí ẹ̀ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Benin wa.

Kí ló yẹ kí ọlọ́pàá ṣe? Kí wọ́n mú un jókòó níbi tí èrò kò ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n má bi í léèrè níṣojú ọkọ. Kí wọ́n bi í pé, "Ṣé ó fún yín lọ́rùn?" Ọrùn tí wọ́n fún lè má ní àpá, síbẹ̀ ó lè wú nínú títí èémí á fi há. Bí ohùn bá há, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì béèrè ibi tó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin náà, ẹ má jẹ́ kí aládùúgbò yín dá lọ. Ẹ bá a lọ, ẹ jẹ́rìí sí ohun tẹ́ ẹ rí. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé wa o.